Nígbà tí Ọkàn Bá Ní Kí Ẹsẹ̀ Dúró

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ́ ní eré ìje ọ̀nà jíjìn nílùú Kétu ló máa ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ àwọn yóò lè gbé àwọn dé òpin kìlómítà 21, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa ń dá wọn dúró lọ́jọ́ eré àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó ti fi oṣù mélòó kan múra sílẹ̀, tó jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí kò sì fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀, ní okun tó tó ọ̀nà náà nínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ògiri táwọn sárésáré ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ṣúgà tí ara kó pamọ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nǹkan bíi kìlómítà 30 nínú 42 ti máratọ́ọ̀nù ló sábà máa ń wà. Nítorí náà, bí ọkàn yín bá ń sọ ní kìlómítà 15 pé agbára ti pin, ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Agbára náà kò tíì pin.

Ìkìlọ̀ yìí mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà wọlé. Aránṣọ kan tí mo bá sáré lọ́nà Pobè dúró lẹ́yìn kìlómítà 14, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, okùn bàtà mi ló tú.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó so ó. A ò tíì sá tó mítà 200 tó tún fi dúró nítorí okùn kan náà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo wo bàtà náà dáadáa: ó ti ta á ní kókó méjì, kò tú rárá. Kò purọ́ fún mi o. Ọkàn rẹ̀ ló ń wá ibi tí yóò ti sinmi láìsí ìtìjú. Mo ní kó gbàgbé bí Kétu ṣe jìnnà tó, ká kàn dé ìdí igi máńgòrò tó wà níwájú wa. Nígbà tá a dé ibẹ̀, mo nawọ́ sí òpó iná kan. Kò bẹ̀rẹ̀ so okùn mọ́ títí a fi wọ̀lú.

Ibi tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni kìlómítà 5 àkọ́kọ́, nítorí ìlù ń dún, ara fúyẹ́, oòrùn kò sì tíì mú, ó wá rọrùn láti sáré jù. Bí ẹ bá pàdé àgbàlagbà lójú ọ̀nà, tí ẹ kò lè kí i kí ẹ sì béèrè ilé àti ọmọ láìmí gúlegúle, eré yẹn ti pọ̀ jù.

Lọ́dún 2009, Samuele Marcora, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà eré ìdárayá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 16 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 90 ṣe iṣẹ́ àròjinlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n tètè jáwọ́ ju ọjọ́ tí wọ́n kàn jókòó wo fíìmù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí àyà wọn ń ṣe kò yàtọ̀. Iṣẹ́ náà kàn le jù lójú wọn ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n má ṣe fi òwúrọ̀ ọjọ́ eré yanjú gbèsè tàbí aáwọ̀ lórí fóònù.

Àmọ́ àwọn àmì kan wà tí kò gba ìforítì. Bí òyì bá ń kọ́ yín, bí àyà bá ń dùn yín, tàbí bí otútù bá ń mú yín nínú oòrùn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ibòji, kí ẹ sì pe àwọn olùtọ́jú. Ẹni tí ooru ti dà lórí rú kì í lè ṣèdájọ́ ara rẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń sáré pé bí ẹ kò bá lè dá a lóhùn geere mọ́, kó mú yín kúrò lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ máa lọ.