Wíwá Adágún Tí Ó Dára fún Pípa Ẹja Báàsì ní Amẹ́ríkà

Báàsì ẹlẹ́nu ńlá jẹ́ ẹja inú omi aláìníyọ̀ tí ó ṣẹ̀ wá láti Àríwá Amẹ́ríkà, ó sì wà lára ẹja tí àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja fún fàájì ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń lépa jù lọ. Ẹnu rẹ̀ ni ó fún un lórúkọ, nítorí pé igun ẹnu náà gùn kọjá ojú rẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ dà bí ti ewé, ìlà dúdú kan sì là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti orí dé ìrù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ adágún tí báàsì pọ̀ sí ní láti kọ́kọ́ mọ bí ẹja náà ṣe ń jẹun. Báàsì kì í lé oúnjẹ rẹ̀ jìnnà; ṣe ni ó máa ń ba dè é lábẹ́ igi tí ó wó sínú omi, lábẹ́ òṣíbàtà tàbí láàárín koríko odò, tí yóò sì gbé ẹja wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí edé tí ó bá kọjá mì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, adágún tí etí rẹ̀ mọ́ bí àwo, tí kò ní igi, òkúta tàbí ewéko kankan, kì í sábà ní báàsì púpọ̀, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Àmọ́ ewéko tí ó pọ̀ jù náà ní ìpalára, nítorí pé nígbà tí ó bá kú tí ó sì ń jẹrà nínú ooru, ó máa ń gba ọ́síjìn mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ní ìgbà ìrúwé, tí omi bá ti gbóná tó ìwọ̀n Celsius 15 sí 24, akọ báàsì a fi ìrù gbẹ́ ìtẹ́ sí ibi tí kò jìn, a sì máa ṣọ́ ẹyin àti àwọn ọmọ níbẹ̀. Adágún tó dára gbọ́dọ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, kí ó sì ní ibú tí ẹja lè sá lọ nígbà ooru àti nígbà òtútù.

Púpọ̀ nínú àwọn adágún olókìkí fún báàsì jẹ́ odò tí wọ́n fi dáàmù sé, ọjọ́ orí wọn sì ṣe pàtàkì. Nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bo igbó mọ́lẹ̀, koríko àti ewé tí ń jẹrà a sọ omi náà di ọlọ́ràá, ẹja a sì yára dàgbà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tó rọlẹ̀. Lake Fork ní Texas, tí dáàmù rẹ̀ parí ní 1980, ní nǹkan bí éékà 27,000. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ igi sílẹ̀ ní ìdúró nínú rẹ̀, wọ́n sì kó irú báàsì ti Florida, tí ó máa ń tóbi jù, sínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú báàsì tí ó tóbi jù lọ ní Texas ní 1992, tí ó wọn kílógíráàmù 8.25. Adágún tí ó ti gbó náà lè padà di ọ̀dọ́: ọ̀dá mú kí omi O.H. Ivie, ní Texas kan náà, fà gan-an, igbó sì hù sórí ilẹ̀ tí ó gbẹ. Nígbà tí omi padà bo igbó yìí, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í mú báàsì ńláńlá níbẹ̀.

Ti adágún Okeechobee ní Florida yàtọ̀, nítorí pé ìṣẹ̀dá ni ó dá a. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 1,900 níbùú lóròó, síbẹ̀ jíjìn rẹ̀ kò ju bí mítà 3 lọ ní ìpíndọ́gba, ewéko sì gba ọ̀pọ̀ ibẹ̀.

Ibi tí ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó ẹja àti ẹran ìgbẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí adágún, nígbà mìíràn lóru, tí wọn yóò sì ta iná mànàmáná díẹ̀ sínú omi: ẹja a dákú, a léfòó, wọn a fi àwọ̀n gbé e, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a sì dá a padà láàyè. Iye báàsì tí wọ́n rí ní wákàtí kan máa ń wà nínú ìròyìn wọn, ṣùgbọ́n gígùn àti sísanra wọn ló sọ̀rọ̀ jù. Adágún tí báàsì rẹ̀ pọ̀ bí yanrìn, tí gbogbo wọn rù, tí orí wọn sì tóbi ju ara lọ, jẹ́ adágún tí oúnjẹ ti wọ́n. Ọ́fíìsì yìí kan náà ni ó ń ta ìwé àṣẹ ìpẹja, tí ó sì ń gbé òfin kalẹ̀ fún adágún kọ̀ọ̀kan. Ní Lake Fork, fún àpẹẹrẹ, gbogbo báàsì tí ó gùn láàárín íǹṣì 16 sí 24 gbọ́dọ̀ padà sínú omi lójú ẹsẹ̀.

Òkìkí nìkan kò tó fi yan adágún. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1932, George Perry mú báàsì kílógíráàmù 10.1 ní Montgomery Lake ní Georgia, omi kékeré kan tí odò Ocmulgee fi sẹ́yìn nígbà tí ó yí ọ̀nà padà. Kò tíì sí àkọsílẹ̀ àgbáyé tí ó borí tirẹ̀. Manabu Kurita nìkan ni wọ́n kà sí ẹni tí ó bá a dọ́gba, ní adágún Biwa ní Japan ní 2009. Wọ́n wọn ẹja Perry, ó gbé e lọ sílé, ẹbí rẹ̀ sì sè é jẹ.