Ohun tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi lóru

Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní restless legs syndrome, ìyẹn àìsàn ẹsẹ̀ tí kì í sinmi. Bí ẹni tó ní in bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lálẹ́, ńṣe ló máa dà bíi pé kòkòrò ń rìn nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Á dìde, á rìn yíká yàrá, ara á tù ú. Kó tún dùbúlẹ̀ báyìí, ó tún dé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ìpara gbígbóná pa á, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ni wàhálà náà ti ń wá.

Kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ dopamine, òun wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń darí bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ gbé ọwọ́. Ọpọlọ nílò èròjà irin láti fi ṣe é. Bí irin bá dín kù níbẹ̀, iṣẹ́ dopamine á dàrú, àti pé alẹ́ gan-an ló máa ń lọ sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣìnà rèé: wọ́n á yẹ PCV, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wò, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ pé. PCV kì í sọ iye irin tí ara tọ́jú pa mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ferritin ló ń sọ ọ́. Ilé àyẹ̀wò lè kọ ọ́ pé 30 ng/mL dára, ṣùgbọ́n fún ẹsẹ̀ yìí, 75 ng/mL wálẹ̀ ti kéré. Ara tó ń gbóná lè gbé iye náà ga lásán, nítorí náà kí ara kọ́kọ́ yá ná.

Nǹkan oṣù tó pọ̀, ọgbẹ́ inú àti aràn ń fa irin lára. Oyún náà ń fa àìsàn ẹsẹ̀ yìí, pàápàá ní oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn, ó sì sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Àìsàn kíndìnrín àti àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, òmíì sì jẹ́ àjogúnbá.

Ẹ má fojú fo oògùn o. Promethazine, tí ẹlòmíì ń lò kó lè rí oorun sùn, lè mú ẹsẹ̀ náà burú sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni metoclopramide tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, amitriptyline tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ìrora, àti haloperidol tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ. Ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà kó wá òmíì.

Bí ferritin bá kéré, dókítà lè ní kí ẹ máa lo oògùn irin. Omi ọsàn ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara, tíì ń dí i lọ́wọ́. Ẹ má ṣe lo oògùn irin láìṣe àyẹ̀wò, pàápàá ẹni tó ní sickle cell tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà: irin lè ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀.