Họ́dà kan sílíńdà, ó ta iná: ṣé a ṣì lè lò ó?

Ìbéèrè: Trélà ni à ń fi iná wẹ́dà jó ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣágámù. Họ́dà, ìyẹn ohun tó ń di ẹlẹ́kítíródù (ọ̀pá tí a fi ń jó irin) mú, bọ́ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́, ẹnu ẹlẹ́kítíródù kan sílíńdà ọ́síjìn, ó ta iná, ó fi àmì bí orí ìṣó sílẹ̀. Kò jò. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ewu wà, ẹ má lò ó mọ́. Ká tó ṣẹ́jú, iná wẹ́dà ti yọ́ ojú ibẹ̀. Irin tó yí i ká nípọn, ó sì tutù, kíá ló fa ooru náà mọ́ra, ni ibi tó yọ́ bá gan paali. Kò lè nà mọ́, ó sì lè ti là tín-ín-rín níbi tí ojú kò tó. Gáàsì inú sílíńdà ọ́síjìn tó kún ń ti irin náà pẹ̀lú nǹkan bí 2,200 psi (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti nǹkan), bẹ́ẹ̀ táyà trélà kì í sábà ju bí 110 lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rọ ọ́ kún ni ara rẹ̀ ń wú díẹ̀, tí ìlà náà sì lè máa gùn sí i, títí yóò fi bú.

Ẹ ti fáàfù, ẹ tú régúlétọ̀ (ohun tó ń dín agbára gáàsì kù), ẹ dé ìdérí rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí àmì náà po, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ má fi fáìlì rin ín, ẹ má jó o dí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ọ̀dà bò ó: ẹni tó máa rọ gáàsì sí i kò ní mọ̀ pé ikú ló gbé dání.

Ìbéèrè: Nígbà mìíràn họ́dà kò kàn án rárá, síbẹ̀ ìdí sílíńdà ń ta iná.

Ìdáhùn: Áàtì yín, wáyà tó ń dá iná padà sí ẹ̀rọ, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Iná tó wọ irin gbọ́dọ̀ padà sí ẹ̀rọ. Bí áàtì bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ lórí ìpẹtà, tí ẹ sì ń jó iwájú, iná lè gba ara ṣéènì tàbí sílíńdà tó fara ti ọkọ̀ kọjá. Ẹ fá ọ̀dà àti ìpẹtà títí irin yóò fi dán, kí ẹ fi áàtì mú un lẹ́bàá ibi tí ẹ ń jó gan-an. Ẹ gbé sílíńdà jìnnà sí ọkọ̀, sórí pákó gbígbẹ, kí ẹ dè é mọ́ ògiri. Ẹ má fi họ́dà kọ́ ọ lọ́rùn láé.

Ìbéèrè: Sílíńdà gáàsì asẹ́tílínì ńkọ́?

Ìdáhùn: Òòró ni kó máa dúró, torí asẹ́tóònù, olómi tó gba gáàsì náà mọ́ra, wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dùbúlẹ̀ gbé e wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jẹ́ kó dúró fún wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó ṣí i. Régúlétọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 15 psi lọ. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e: kí gbogbo èèyàn sá jìnnà, kí ẹ pe panápaná.