FIFA Kì Í Kọ́ Pápá fún Onílé: Ìgbàgbọ́ Òdì Lórí Gbígba Ìdíje Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọ̀dọ́ Lálejò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Adó-Èkìtì. Ẹ ó gbọ́ ọ níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òkèṣà, ẹ ó gbọ́ ọ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù lálẹ́ Champions League, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: “Bí ìjọba bá lè bá wa gba ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ wá sí Èkìtì péré, wàhálà tán. FIFA á kọ́ pápá, FIFA á ṣe títì, owó dọ́là á wọlé.” Mo ti rí i tí wọ́n pín owó náà tán lórí bẹ́ǹṣì, tí àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ìlú tí wọ́n máa kọ́ pápá kejì sí, bóyá Ìkẹ́rẹ́ ni tàbí Ìkọ̀lé.

Kò sí dọ́là kankan tó ń bọ̀. FIFA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lágbàáyé, kì í kọ́ pápá fún ẹni tó bá fẹ́ gba ìdíje rẹ̀ lálejò, ì báà jẹ́ ti àgbà, ì báà jẹ́ ti ọ̀dọ́. Onílé ló ń kọ́ pápá, onílé ló ń tún títì ṣe, onílé ló ń san owó ọlọ́pàá. Kí wọ́n tó gbé ìdíje fún orílẹ̀-èdè kan, ìjọba ibẹ̀ ní láti tọwọ́ bọ̀wé pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí yóò wà nílẹ̀, pé àwọn tó ń bọ̀ yóò rí físà gbà, pé ẹrù ìdíje kò ní há sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, pé wọn ò sì ní gba owó orí lọ́wọ́ FIFA lórí ohun tó bá rí pa níbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Peru. FIFA ti gbé ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 17 lọ ti ọdún 2019 fún wọn. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún náà, FIFA gbà á padà, nítorí pápá àti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n ṣèlérí kò lè délẹ̀ lásìkò. Brazil ló gbà á ṣe, Brazil náà ló sì gbé ife. Wọ́n tún fún Peru ní òmíràn, èyí tí àrùn kòrónà sún láti 2021 sí 2023. Oṣù kẹrin ọdún 2023, FIFA tún gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀sùn kan náà ni. Indonesia ni wọ́n gbé e fún níkẹyìn. Bó bá jẹ́ pé FIFA ló ń kọ́ pápá, kí ló wá máa gba ìdíje lọ́wọ́ Peru sí lẹ́ẹ̀mejì pé pápá rẹ̀ kò délẹ̀?

Èyí ò sọ pé FIFA kì í náwó rárá. Òun ló ń gbé ọkọ̀ òfurufú fún àwọn ikọ̀ tó ń bọ̀ wá díje, òun ló ń san owó òtẹ́ẹ̀lì wọn, òun ló ń sanwó fún rẹfirí. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló ń ta ẹ̀tọ́ àtifi bọ́ọ̀lù náà hàn fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé, òun ló sì ń bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó gbé orúkọ wọn sára pátákó yí pápá ká ṣe àdéhùn. Kódà, bí ìpínlẹ̀ bá ti gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan tẹ́lẹ̀ láti gbé pátákó ìpolówó sínú pápá rẹ̀, tí ẹni náà kò sì sí lára àwọn onígbọ̀wọ́ FIFA, wọ́n ní láti yọ pátákó náà tàbí kí wọ́n daṣọ bò ó títí ìdíje á fi parí.

Ẹ wò ó bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín tó wà l'Ékòó fẹ́ wá ṣe ayẹyẹ nínú ọgbà yín. Ẹ̀yin lẹ máa ro koríko, ẹ̀yin lẹ máa háyà kánópì àti jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni tó ń ṣọ́ mọ́tò. Owó aṣọ ẹbí ńkọ́? Àpò ẹ̀gbọ́n ló ń lọ. Èyí tó kù fún yín ni pé àwọn èèyàn rí ilé yín, àti ìwọ̀nba tí ìyá tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà bá rí pa.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀? Mo rò pé iye tí FIFA ń pa lórí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn àgbà ló kọ́kọ́ tàn wá. Láàárín ọdún 2019 sí 2022, owó tó wọlé fún wọn lé ní bílíọ̀nù 7.5 dọ́là, ti Qatar 2022 ló sì mú èyí tó pọ̀ jù wá. Ẹni tó bá gbọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ á rò pé gbogbo ohun tó bá ti ní FIFA lórúkọ ló ń pọ owó. Ti àwọn ọ̀dọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í wọ́n, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kì í sì jà lé e lórí. Owó ife àgbà ni FIFA fi ń gbé e ró.

Ohun tó tún da ọ̀rọ̀ rú ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní FIFA Forward. Owó ìdàgbàsókè ni, FIFA sì ń fún gbogbo àjọ bọ́ọ̀lù 211 tó wà lábẹ́ rẹ̀, yálà wọ́n gbàlejò ni o, yálà wọn ò gbà. Fún ọdún 2023 sí 2026, àjọ kọ̀ọ̀kan lè rí tó mílíọ̀nù 8 dọ́là gbà. Láti inú owó yìí ni pápá kékeré tàbí ibùdó ìgbaradì ti máa ń jáde níbòmíràn, tí wọ́n á sì gbé pátákó FIFA síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú pátákó bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi bó bá rò pé ìdíje ló gbé e dé. Ṣùgbọ́n NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, l'Ábújá ni owó náà ń bá lọ. Kò sí gómìnà kankan tó lè tọwọ́ bọ̀wé gbà á.

Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń rú wa lójú, nítorí Nàìjíríà ti gba irú àlejò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kẹrin ọdún 1999, àwọn tí wọn kò ju ọmọ ogún ọdún lọ wá. Xavi wà níbẹ̀, Casillas wà níbẹ̀, Ronaldinho wà níbẹ̀, kí wọ́n tó di ìràwọ̀ àgbáyé. Mali fi 3-1 na Flying Eagles, ikọ̀ àwọn ọmọ ogún ọdún wa, ní kọ́tà fáínàlì (ìyẹn ṣì ń dun àwọn kan dòní), Spain sì fọ́ Japan ní 4-0 nínú àṣekágbá ní National Stadium, Sùúrùlérè. Owó ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ pápá yẹn, láti ọdún 1972 ni wọ́n sì ti ṣí i. FIFA kàn wá lò ó ni.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ó kan àwọn ọmọ ọdún 17. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù l'Ékòó lọ́dún 2009. Kì í ṣe National Stadium. Pápá tí àṣekágbá àgbáyé ti wáyé lójú gbogbo ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro: koríko ti kú, àga ti fọ́, ilé ọtí àti ṣọ́ọ̀bù ti gba àyíká rẹ̀ kan. Teslim Balogun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló kọ́ ìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1984, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún 23 gbáko, ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀! Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ló kọ́ pápá Gateway tí àwọn ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù sí. Ìlú mẹ́jọ ni wọ́n lò káàkiri Nàìjíríà kí Seferovic tó gbá ẹyọ kan sáwọ̀n wa l'Ábújá, tí Switzerland fi gbé ife lọ. Èkìtì kò sí lára ìlú mẹ́jọ náà. Lọ́dún yẹn, àtúndì ìbò gómìnà ló gbé orúkọ wa kiri inú ìwé ìròyìn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èèyàn tún lè náwó tán kí àlejò má dé. Ọdún 1995 ló yẹ kí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ìdíje àwọn ọmọ ogún ọdún. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ni FIFA gbé e lọ sí Qatar, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn wà nílẹ̀ wa. Bákan náà ni Indonesia ṣe pàdánù ti àwọn ọmọ ogún ọdún ní oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí àtakò dìde pé àwọn kò fẹ́ ikọ̀ Israel. Argentina ló gbà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Argentina ò tiẹ̀ yege láti kópa tẹ́lẹ̀. Inú ilé wọn náà ni Flying Eagles ti fi 2-0 lé wọn jáde. Ẹni tó ń sọ pé onílé ló máa ń jẹ ife, kó bi Argentina.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e dé ilé. Pápá tí a ní ní Adó ni Olúyẹmí Káyọ̀dé, tí wọ́n fi sọrí ọmọ Èkìtì tó wà lára ikọ̀ asáré 4×100 mítà tó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona lọ́dún 1992. Bí ọ̀rọ̀ pápá bá délẹ̀, àga àti òrùlé ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Èmi, koríko ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Ilẹ̀ tí a ń wí yìí gùn ní mítà 105, ó sì fẹ̀ ní mítà 68. Kì í ṣe orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń gbin koríko sí. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n á ri páìpù tí ihò wà lára rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n á da iyanrìn lé òkúta, kí koríko tó bọ́ sórí rẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ pupa wa yìí á gba omi dúró. Ẹ lọ wo pápá ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ yín lóṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn òjò wákàtí kan. Iwájú gọ́ọ̀lù á ti di àbàtà, bọ́ọ̀lù á dúró sójú kan bíi pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀.

Bí òjò bá wá lọ, ọyẹ́ á dé. Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì, koríko tí kò bá rí omi á gbẹ. Omi náà, inú kànga dẹ̀rọ̀ ló máa ti wá, ẹ̀rọ tó ń fà á nílò iná, bí kò bá sì sí iná, epo dísù ni. Wọ́n ní láti máa gé koríko náà kó tẹ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, jálẹ̀ ọdún, yálà bọ́ọ̀lù wà, yálà kò sí. Iṣẹ́ yìí kò ní ayẹyẹ ìṣípápá. Kò sí olóṣèlú tó máa gé ríbọ́ọ̀nù fún dísù. Àìsí irú owó bẹ́ẹ̀ ló pa Sùúrùlérè, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa gbé ìdíje àgbáyé wá, èló ló wà nínú ìṣúná fún títọ́jú pápá lọ́dún kẹta lẹ́yìn àṣekágbá ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Pápá kan náà kò sì tó. Ikọ̀ mẹ́rin ló máa ń wà ní ìsọ̀rí kan, gbogbo wọn ló sì ní láti rí ibi gbaradì tó dára. Ẹ fi òtẹ́ẹ̀lì kún un, ẹ fi ilé ìwòsàn tó lè gba ẹni tó bá dá lẹ́sẹ̀ kún un, ẹ fi ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó kún un, ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ti da èèyàn láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àǹfààní wà níbẹ̀ o, n kò sẹ́. Àwọn onílé ìtura á rówó, ìyá oníyán á tà, àwọn ọmọ wa á sì fojú ara wọn rí ẹni tó lè di ìràwọ̀ lọ́la. Nígbà tí India gbàlejò lọ́dún 2017, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.3 ló wọ pápá wá wòran. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n bá gbé ìsọ̀rí kan fún kì í rí ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú ìdíje náà. Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè san owó pápá padà.

Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ti àwọn ọmọ ọdún 17 ti di ọdọọdún, ikọ̀ 48 ló ń kópa, Qatar ni FIFA sì gbé e fún láti 2025 títí di 2029. Golden Eaglets, ikọ̀ àwọn ọmọ ọdún 17 wa, ò tiẹ̀ yege fún ti 2025. Ohun tó súnmọ́ wa ni ìdíje WAFU B (ẹkùn B nínú àjọ bọ́ọ̀lù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà), tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, Ghana, Benin, Togo, Niger, Burkina Faso àti Ivory Coast máa ń fi wá àyè sí ife Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè méje péré ni. Pápá kan tó yanrantí, pẹ̀lú pápá ìgbaradì méjì mẹ́ta, á gbé e. Èkìtì lè ṣe ìyẹn láàárín sáà gómìnà kan, bó bá ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àpò ara rẹ̀ ni owó náà ti máa jáde.