Bí wọ́n ṣe ń ya ìròyìn ogun sínú kọ́míìkì

Tí wọ́n bá ti dárúkọ kọ́míìkì, ìyẹn ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, Superman ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, ọkùnrin tó wọ pátá sórí ṣòkòtò tó ń fò kiri. Àmọ́ ẹ̀yà kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ ìròyìn pọ́ńbélé. Oníròyìn á lọ síbi ogun, á fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò, á padà sílé, á wá fi pẹ́nì ya gbogbo ẹ̀. Ẹni tórúkọ ẹ̀ ròkè jù nídìí iṣẹ́ yìí ni Joe Sacco, Malta ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ló ń gbé, iṣẹ́ ìròyìn gan-an ló sì kà ní yunifásítì o, kì í ṣe àwòrán.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ò yàtọ̀ sí ti oníròyìn yòókù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀ ná. Goražde lápá ìlà-oòrùn Bosnia, ìlú táwọn sójà Serb yí ká nígbà ogun, mọ́tò àwọn UN ni Sacco bá wọbẹ̀ ní 1995. Tó bá ti débẹ̀, ó di dandan kó rí ẹni tí wọ́n ń pè ní fixer, ọmọ ìlú tó gbédè, tó mọ ilé ẹni tó yẹ kí wọ́n kàn àti ọ̀nà tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbà, tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn. Sacco ya odindi ìwé kan lórí ọ̀kan lára wọn ní Sarajevo, olú ìlú Bosnia, 2003 ló jáde, èèyàn á kà á tán síbẹ̀ kò ní lè búra pé gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ lóòótọ́ ni.

Ibi tọ́rọ̀ ti yàtọ̀ ni ìbéèrè. Ẹni tó ń kọ̀wé lásán lè kọ ọ́ pé wọ́n kó àwọn ọkùnrin jọ sínú ọgbà iléèwé, kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ yà á ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ògiri ló yí ọgbà ká àbí wáyà? Ibo làwọn sójà dúró sí? Ṣé àwọn èèyàn jókòó ni àbí wọ́n da ojú bolẹ̀, ọwọ́ wọn ńkọ́, kí ni wọ́n wọ̀? Ẹni tó wá sọ bí wọ́n ṣe pa bàbá ẹ̀ lè máa wò ó pé kí ni wáyà ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ tí ayàwòrán ò bá bi í, inú orí ara ẹ̀ ló ti máa fa ọgbà náà yọ, ìyẹn sì ti kúrò ní ìròyìn.

Ìwé tí Sacco yà lórí Gásà ló le jù. November 1956, nígbà ogun Suez tí Ísírẹ́lì bá Íjíbítì jà, àwọn sójà Ísírẹ́lì pa èèyàn rẹpẹtẹ ní Khan Younis àti Rafah, ìlú méjì ní Gásà, àkọsílẹ̀ UN pè é ní 275 ní ti àkọ́kọ́ àti 111 ní ìkejì, ohun tí Ísírẹ́lì sọ nígbà yẹn ò sì bá tàwọn ará ibẹ̀ mu. Kí Sacco tó wá wádìí ẹ̀ ní 2002 àti 2003, àwọn tó ṣojú wọn ti darúgbó. Fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ àjọ UN tó ń tọ́jú àwọn ogúnléndé ló fi mọ bí àgọ́ ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Ìrántí àwọn àgbà yìí sì máa ń forí gbárí, tẹnì kan ò ní bá tẹnì kejì mu, ló bá ń fi wọ́n wéra, ibi tẹ́rìí èèyàn púpọ̀ ti pàdé ló gbé ìtàn lé, ibi tí wọn ò ti pàdé ó ya ìyẹn náà síbẹ̀ kónílé lálejò rí i. Ìwé náà ò jáde títí di 2009, torí ọwọ́ ló fi ń ya gbogbo ẹ̀.

Àléébù kan wà níbẹ̀ sha. Ohun tí ayàwòrán fojú ara ẹ̀ rí àtèyí tí wọ́n kàn sọ fún un, pẹ́nì kan náà ló ya méjèèjì, wọ́n á wá jọra lójú ìwé. Nínú ìwé tí Sacco yà lórí Goražde, ohun tó ṣe sí i ni pé tó bá ti di ìtàn ẹlẹ́rìí nípa ogun tó ti kọjá, ó máa ń fi dúdú kun ẹ̀yìn ojú ìwé náà. Ó tún máa ń ya ara ẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ìgò ojú róbótó téèyàn ò lè rí ẹyinjú ẹ̀. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àmọ́ ìyẹn sàn ju oníròyìn tó ń fara pamọ́ bíi pé ìròyìn ló kọ ara ẹ̀.

Ọ̀nà mìíì tún wà. Ní 1986, nígbà tí àwọn sójà Sófíẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní Afganísítánì, Didier Lefèvre, ayafọ́tò ará Faransé, tẹ̀ lé àwọn dókítà Médecins Sans Frontières, àjọ tó ń tọ́jú aláìsàn níbi ogun, wọbẹ̀ láti Pakísítánì, ó ya fọ́tò bí 4,000, mẹ́fà péré ni ìwé ìròyìn gbé jáde nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀ ni Emmanuel Guibert tó ń ya kọ́míìkì gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ìwé, ibi tí fọ́tò wà wọ́n lo fọ́tò, ibi tí kámẹ́rà ò dé Guibert yà á, Frédéric Lemercier kùn ún ó sì tò ó. Apá mẹ́ta ni ìwé náà, ó jáde láti 2003 sí 2006.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣá. Èyí tó kúrú wà tí magasíìnì máa ń gbé, Time gbé ti Sacco lórí Hebron, ìlú kan ní Palẹ́sìnì, ní 2001, Harper's gbé tiẹ̀ lórí Ìráàkì ní 2007, ojú ìwé mélòó kan péré ni, àmọ́ ìbéèrè wáyà àti ògiri yẹn náà ni.