Òwú ló ń dákọ́, kì í ṣe òrùka

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìkókó tí wọ́n kọlà fún ní ọsibítù ló ń gbé òrùka oníke kékeré kan bọ̀ nílé lórí okó wọn. Plastibell ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rò pé òrùka yìí ló gé awọ. Kò gé nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe ń bí ọmọkùnrin ni adọ̀dọ́ ti lẹ̀ mọ́ orí okó, kì í ṣe àrùn. Dókítà á rọra tú u, á ki òrùka bọ abẹ́ rẹ̀, á wá fi òwú di awọ náà pinpin mọ́ ojú ìlà tó yí òrùka ká. Á gé èyí tó yọ síwájú. Ẹ̀jẹ̀ ò lè gba abẹ́ òwú kọjá mọ́, nítorí náà ìwọ̀nba awọ tó ṣẹ́ kù níwájú òwú á kú, á dúdú, á gbẹ. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, á já tòun tòrùka.

Ẹni tó bá ti rí bí ìwọ́ ọmọ ṣe ń já ti mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n á so ó, wọ́n á gé e, kùkùté rẹ̀ á dúdú á gbẹ, títí ó fi di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá á bá a nínú ìlédìí. Kò sẹ́ni tó ń fa ìwọ́. Ẹni tó bá dán an wò, ìyá àgbà á gbá a lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yìí kan náà, tó bá rí òrùka tó ti já lápá kan tó ń mì dirodiro, ọwọ́ á máa yún un. Awọ tí kò tíì kú ló máa fà ya, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tún máa ń dá yánpọnyánrin sílẹ̀ ni nǹkan rírọ̀, pupa bí ìyeyè, tó ń bo orí okó bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá. “Ó ti ṣọyún!” Kì í ṣe ọyún. Èépá egbò ni, ibi tó wà ló tutù, kò ráyè le bíi ti orúnkún. Ẹni tó bá fi ẹ̀gbọ̀n òwú àti sípírítì nù ún ń ṣí egbò padà ni. Ọyún gan-an máa ń rùn, pípọ́n rẹ̀ á máa ràn lọ sára okó, ara ọmọ á sì gbóná.

Ọgbọ́n inú iṣẹ́ yìí wù mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni àléébù rẹ̀. Láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.1 dé 1.7 ni òrùka náà. Bí èyí tí wọ́n mú bá tóbi jù, ó lè yọ̀ sẹ́yìn, kí ó há mọ́ ara okó. Okó á wú, ọmọ lè má rí ìtọ̀ tọ̀. Ilé kọ́ ni wọ́n ti ń yọ ìyẹn: dókítà á gé òrùka náà lójú ẹsẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ òru.