Ẹ̀fọ́rí Róbótó Bí Kọ́bọ̀

Ẹ̀fọ́rí róbótó bí kọ́bọ̀, tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní nummular headache, jẹ́ oríṣi ẹ̀fọ́rí kan tí kò wọ́pọ̀, tí ó máa ń dun ènìyàn ní ojú kan ṣoṣo lára awọ orí, tí kì í sì í ṣí kúrò níbẹ̀. Láti inú nummus, tí í ṣe owó onírin ní èdè Látìnì, ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, nítorí pé ojú ibi tí ó ń dunni máa ń rí róbótó, tàbí kí ó gùn díẹ̀ bí ẹyin, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ju sẹ̀ntímítà 1 sí 6 lọ.

Juan Pareja, oníṣègùn ará Sípéènì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn yìí ní ọdún 2002, lẹ́yìn tí wọ́n rí i lára aláìsàn 13. Nínú ìwé ìsọ̀rí ẹ̀fọ́rí tí àwọn oníṣègùn ń lò káàkiri àgbáyé, ẹ̀dà ti ọdún 2004 kàn fi í sí àfikún ẹ̀yìn ìwé ni. Nínú ẹ̀dà kẹta, tí ó jáde ní kíkún ní ọdún 2018, ó ti ní nọ́ńbà tirẹ̀, 4.8, láàárín àwọn ẹ̀fọ́rí tí kò ti ara àìsàn mìíràn wá.

Ìka aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀. Bí dókítà bá ní kí ó fi ibi tí ó ń dùn ún hàn, kì í fi àtẹ́lẹwọ́ di ẹ̀gbẹ́ orí mú bí ẹni tí túúlu ń dà láàmú. Ìka kan ni yóò fi fa òbìrí kékeré yí ibẹ̀ ká, bí ó bá sì padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú ibẹ̀ náà ni yóò tún fà á sí. Òkè etí, níhà atàrí, ni ó wọ́pọ̀ sí jù. Ìrora náà kì í sábà le púpọ̀, ó dà bí ìgbà tí nǹkan tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣàdédé máa gún ni ṣánṣán fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tàbí wákàtí mélòó kan. Nínú àwọn tí a ti kọ ìròyìn wọn sílẹ̀, ó tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ti bá fínra ju oṣù 3 lọ. Awọ ojú ibẹ̀ lè kú díẹ̀, bí ẹni pé kò mọ nǹkan lára mọ́, ó sì lè jẹ́ pé kí òòyà ṣáà ti kàn án ni yóò fi ta ẹni náà lára. Irun ibẹ̀ a tilẹ̀ máa re lára àwọn díẹ̀.

Èrò ọ̀pọ̀ olùwádìí ni pé ẹnu àwọn iṣan ìmọ̀lára tín-ín-rín tí ó wà lára awọ orí ni ìrora náà ti ń wá, kì í ṣe inú ọpọlọ. Síbẹ̀, wọ́n máa ń ya àwòrán orí, nítorí pé kókó inú agbárí tàbí àbùkù ara egungun rẹ̀ lè farahàn lọ́nà kan náà. Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, tí ìrora náà kò sì pọ̀, ìfọkànbalẹ̀ lásán tó fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Àwọn tí ó bá le fún lè lo gabapentin tàbí amitriptyline, àwọn oògùn tí ń pẹ̀rọ̀ sí ìrora iṣan ìmọ̀lára, tàbí kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ botulinum, oògùn tí ń dẹ iṣan ẹran ara, sí ojú òbìrí náà gan-an.